Wáyà Ilẹ̀ ní Ojú Àlùwàlá

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni mo ti ń gbìyànjú láti kọ nǹkan nípa rẹ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà rẹ̀, màá sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ bá obìnrin rere èyíkéyìí mu. Mo ti pa ìyẹn tì. Ohun tó dá mi lójú pé tirẹ̀ nìkan ni, tí kò ṣeé gbé wọ ẹlòmíràn, ni ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tó fẹ́ kí ìyá òun gbọ́ ohùn òun, tí ẹ̀rọ mi sì ń kùn.

Ìkòròdú ni a ń gbé nígbà náà, ní ọdún díẹ̀ kí orílẹ̀-èdè wa tó gba òmìnira. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan. Ní ọjọ́ Sátidé mo máa ń ta gìtá pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin kékeré kan ní ilé ọtí tó wà ní ọ̀nà èbúté. Iná ìjọba kò tíì dé àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ ni onílé ọtí ń lò. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá mi sókè, èyí tí gbogbo wa ń pè ní anpilifáyà, ni èyí tó dára jù tí apá olùkọ́ ká. Kò dára púpọ̀. Àpótí pákó kékeré ni, ẹni tó lò ó ṣáájú mi ní Èkó sì ti fi iná sìgá jó igun rẹ̀ kan.

Bí a bá tan án, á kọ́kọ́ dákẹ́ títí àwọn gílóòbù inú rẹ̀ á fi gbóná, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kíkùn náà rẹlẹ̀, ó sì nípọn, bí ìgbà tí oyin bá ṣù mọ́ ẹ̀ka igi. Bí mo bá fọwọ́ kan okùn gìtá, á dínkù. Bí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, á tún gòkè. Ara mi ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí wáyà kan máa ṣe. Ẹ̀rọ olówó gọbọi máa ń ní wáyà kẹta tó ń wọ inú ilẹ̀ lọ, kí iná tó bá ṣìnà lè rí ibi gbà jáde. Tèmi kò ní. Iná tó bá ṣìnà nínú rẹ̀ kò rọ́nà lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń kùn, tó sì fi máa ń ta ẹni tó bá fọwọ́ kan irin ara rẹ̀. Gbohùngbohùn tí olórin wa ń kọrin sí ló burú jù. Áńkáṣífì ló máa ń fi wé e, nítorí pé bí ètè rẹ̀ bá kan án lásán, ó máa ń ta á bí èèrùn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó mi. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé wọn, ọ̀kan lára àwọn ìdílé tí àwọn baba ńlá wọn bá ọba kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà ogun, tí wọn kò padà. Ìyá rẹ̀ ni aṣáájú àwọn tó ń kọ wákà láàrin àwọn obìnrin mọ́sálásí wọn. Òun náà ti ń gbè lẹ́yìn ìyá rẹ̀ láti kékeré, nígbà tó sì tó ọmọge, wọ́n jẹ́ kó máa dá orin. Ohùn rẹ̀ tínrín, ó sì ga. Kò ní agbára, ṣùgbọ́n ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú orin náà, títí kan èyí tí kò gùn ju èémí lọ.

Kí n tó fẹ́ ẹ ni etí ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló di pé ó ń wo ẹnu ènìyàn kó tó dáhùn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àbúrò ìyàwó mi, èyí tó ń bá ìyá wọn gbé, wá sí Ìkòròdú pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn méjèèjì jókòó sí tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo wà lójú fèrèsé, mò ń sàmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ.

"Kò gbọ́ ìpè àdúrà mọ́," àbúrò rẹ̀ sọ. "Ojú oòrùn ló ń wò báyìí. Ọjọ́ tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, èmi ni mo máa ń fọwọ́ kàn án léjìká."

"Tẹ́ ẹ bá pariwo ńkọ́?"

"A ti pariwo títí. Aládùúgbò ló ń dá wa lóhùn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán kíákíá. Àbúrò rẹ̀ wá ní, "Lọ́jọ́ kan ó ní kí n sọ̀rọ̀ bíi ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní báwo ni màá ṣe ṣe é? Ó ní òun ń rántí ojú yín, òun ń rántí bí ẹ ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n ohùn yín ti ń ṣá lọ́kàn òun. Ó ní ó ń ṣá bí aṣọ tá a sá sóòrùn jù."

Ìyàwó mi tẹ orí ba. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tó yá mo rí i pé ẹ̀wà tó dáa ló ń jù sí ẹ̀gbẹ́ òkúta tó ti ṣà jáde.

Kò pẹ́ sí i ló gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi ní ilé ọtí, níbi tí à ń múra orin sílẹ̀. Ọlọ́dẹ orúkọ lásán ló wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, bàbá arúgbó kan tó dití. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí o bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kí o lọ dúró síwájú rẹ̀. Olórin wa ti lọ mu omi. Ìyàwó mi gbé gbohùngbohùn náà, ó fi ṣeré, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni onígìtá, ọbẹ̀ ti ń dì o!"

Bàbá ọlọ́dẹ yíjú padà lórí àga rẹ̀. "Ta ló ń pariwo ọbẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, onílù wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé gbohùngbohùn náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń wo bàbá náà. Nígbà tí à ń lọ sílé ló ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Tíṣà ló máa ń pè mí, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè mí.

"Gbé kí ni?"

"Àpótí yín. Kí ìyá mi gbọ́ ohùn mi nínú ẹ̀."

"Ẹ̀rọ yẹn ń kùn. Ohùn rẹ tínrín. Kíkùn ẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé wáyà ilẹ̀ ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀pẹ́ ò sí lófuurufú. Ilẹ̀ wà ńbẹ̀."

Ìgbà ọyẹ́ ni, ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìkòròdú ní òwúrọ̀ kùtù. Ó fi ẹní wé àpótí náà, ó tún fi aṣọ ìborùn rẹ̀ lé e lórí kí omi ọ̀sà má bàa ta sí i, ó sì gbé ọwọ́ lé e jálẹ̀ ọ̀nà. Ní Agbówà, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja wọlé, ó jókòó tì wá. Ó wo àpótí náà títí.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni, àbí?"

"Rárá, Màmá," ìyàwó mi dáhùn. "Ohùn mi ló wà nínú ẹ̀."

"Ohùn tó ń gbé inú àpótí! Tèmi rèé, ọkọ mi ń gbàdúrà kí n rí àpótí tì í mọ́."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, mo rántí. Ó gbà gbọ́ pé ohun tó ń lọ ṣe máa ṣeé ṣe. Mo mọ̀ ọ́n débi tí mo fi mọ ìgbà tó gbà gbọ́.

Nígbà tí a dé ilé, ìyá rẹ̀ jókòó nínú yàrá iwájú. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lójú mú, ó ń kì í. Ó kì í láti orí dé òpin, bí ó ti máa ń ṣe fún ọmọ tó bá ti ilé ọkọ wálé. Ohùn tirẹ̀ kò yí padà, ohùn aṣáájú orin ni síbẹ̀. Bí ìyàwó mi bá sì dáhùn, ojú ìyá rẹ̀ á lọ sí ẹnu rẹ̀, á máa wo ètè rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó sùn lórí ẹní.

Ọkùnrin kan tó ń ta pákó gẹdú ni aládùúgbò wọn. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó fi ń tanná sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ létí ọ̀sà. Kí a tó sọ̀rọ̀ tán ló ti ní kí wọ́n lọ gbé e wá. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, mo fa wáyà gba ojú fèrèsé wọ yàrá iwájú, mo sì gbé àpótí náà sórí àpótí ìtìsẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ àga ìyá. Ìyá náà ń wo gbogbo rẹ̀ láì béèrè nǹkan kan. Àbúrò ìyàwó mi ti fi ọwọ́ júwe fún un pé orin ni a fẹ́ kọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ju ti Ìkòròdú lọ. Jẹnẹrétọ̀ náà ti gbó. Ìyàwó mi gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn. Ó ti ta á.

"Tíṣà," onígẹdú sọ láti ojú fèrèsé, "ṣé agbọ́n lẹ kó sínú àpótí yín ni? Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ ò ní pa wá!"

Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo ti mú ọ̀pá irin kan àti wáyà bàbà wá láti ilé fún èyí gan-an. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo mú ibi tó súnmọ́ ògiri, mo sì fi òòlù kan irin náà. Ó wọlé bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ tútù. Mo tilẹ̀ sọ fún onígẹdú pé ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ mọ àlejò í ṣe. Mo so wáyà náà, mo tan ẹ̀rọ, kíkùn náà sì wà bó ṣe wà. Kò yí padà rárá. Mo tún gbogbo ìdè rẹ̀ dè, mo fi ọ̀bẹ ha irin náà kó lè mọ́, mo tún tan án. Ó ń kùn.

Onígẹdú yìí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tó wá gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Èérún pákó nìyẹn o, Tíṣà. Kì í ṣe ilẹ̀."

Àwọn baba wọn ló ti fi èérún láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú dí àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé náà, tí wọ́n sì da iyanrìn lé e. Gbogbo wọn ló mọ̀. Onígẹdú náà mọ̀, baba tirẹ̀ ló kó èérún náà wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rìn lórí rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó tún ń rántí pé ohun mìíràn ni. Wọ́n ń gbálẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n ń sá àgbàdo sí i, wọ́n ń pè é ní ilẹ̀. Ọyẹ́ sì ti gbẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Iná kankan kò lè gba inú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá.

A rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Iyanrìn gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi ló dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, ní igun ilé níbi tí wọn kò dí rí. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jókòó lé, búútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká dúdú, ó sì rọ̀. Gbogbo ilé ló ń da omi síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìrun, látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Bí ọyẹ́ ṣe le tó, kò gbẹ.

Gbogbo wa mọ ẹni tí a gbọ́dọ̀ bi. Àbúrò ìyá wọn, bàbá kan tó ń ṣe ìmáàmù fún wọn nínú ilé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi ìrun Alásárì. Ìyàwó mi lọ kúnlẹ̀ fún un, ó ṣàlàyé.

Bàbá náà wo irin tó wà lọ́wọ́ mi. "Irin gìtá, ní ojú àlùwàlá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kì í ṣe irin gìtá," mo dáhùn. "Irin ilẹ̀ ni."

"Ṣé orin ò ní gba inú ẹ̀ kọjá?"

"Rárá, Bàbá. Ìdọ̀tí inú iná ni yóò gba inú ẹ̀ lọ, kí ohùn tó kù lè mọ́."

Ó ronú sí i. Onígẹdú fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá náà gbé ọwọ́ sókè. "Ìdọ̀tí," ó ní. "Ohun tá a ṣáà ń wẹ̀ dànù níbẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti fà á yọ kí Màgárìbì tó dé, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ bàtà débẹ̀."

Mo bọ́ bàtà mi. Irin náà wọlé díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ ń dì í mú. Nígbà tí mo kàn án tán, bàbá náà fúnra rẹ̀ gbé búútà, ó rọra da omi sí ìdí rẹ̀ yíká, bí ẹni tó ń bomi rin ọ̀gbìn. "Bí ẹ bá fẹ́ sí i, omi wà," ó sọ fún mi.

Mo so wáyà náà, mo padà sínú yàrá, mo sì tan ẹ̀rọ.

Ó gbóná, kò sì kùn. N kò tíì gbọ́ ọ rí kó dákẹ́ báyẹn. Fún ìṣẹ́jú kan mo rò pé ó ti bàjẹ́. Ìyàwó mi fi ìka kan irin gbohùngbohùn náà, ó dúró, kò ta á. Ó wò mí, inú rẹ̀ dùn. Ó súnmọ́ ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ó sì dá orin tó ti múra sílẹ̀ láti Ìkòròdú:

Ẹ bá mi kí ìyá tó gbé mi pọ̀n,
Kó pẹ́ fún mi, kó má yára lọ.

Àwọn obìnrin àdúgbò ti pé sẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ jáde nínú àpótí náà bó ṣe rí gan-an, tínrín, mímọ́, ó kún inú yàrá náà títí dé òrùlé. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ olórin láti ìgbà náà. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo gbé ohùn ẹ̀rọ náà sókè. Mo tún gbé e sókè títí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í han, tí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà di etí wọn. Ìyá náà wo àpótí, ó wo èmi, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn.

"Kí ló dé tí wọ́n fi pa á?"

Àbúrò ìyàwó mi fi ọwọ́ júwe pé a kò pa á.

"Wọ́n ti pa á," ìyá náà sọ. "Ó ti ń dùn tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tan án. Mo gbọ́ ọ dáadáa." Ó na ọwọ́, ó fi kan ìyàwó mi lọ́fun. "Ohùn rẹ ti ki, ọmọ mi. Ilé ọkọ ti jẹ́ kó ki."

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń bi ara wọn pé kí ló wí. Ìyàwó mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó yé e kó tó yé mi. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, mo ṣì ń wá ibi tí wáyà ti já.

"Tíṣà," ó ní, kò yíjú sí mi, "ẹ lọ yọ wáyà ilẹ̀ yẹn."

"Á ta ọ́ lẹ́nu."

"Ẹ yọ ọ́."

"Jẹ́ kí n wá áńkáṣífì tí o máa fi wé e."

"Á bo ẹnu mi. Ẹnu mi ló ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yọ ọ́."

Mo lọ. Mo tú wáyà náà kúrò lára irin ní ojú àlùwàlá. Mo gbọ́ kíkùn náà láti ẹ̀yìnkùlé kí n tó dìde. Nígbà tí mo fi máa wọlé, ìyá náà ti fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé orí àpótí, ojú rẹ̀ sì ti tàn. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi tún dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ la ẹnu, ó gbè é. Ohùn rẹ̀ dùn, kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n orin mìíràn ló gbè:

Ilé la ó fàbọ̀ sí,
Bó ti wù kó pẹ́ tó, ilé la ó fàbọ̀ sí.

Orin tí àwọn ọmọbìnrin kéékèèké máa ń kọ bọ̀ láti ilé kéú ni. Nínú kíkùn tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé, orin yẹn ni ó gbọ́. Ìyàwó mi dákẹ́. Mo rí i tó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ń wo tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dúró títí ìyá náà fi parí ègbè náà, ó fi orin tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá èyí tí ìyá rẹ̀ ń kọ.

Wọ́n kọ ọ́ pẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ètè rẹ̀ bá kan irin náà, mo ń rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó súnmọ́ ọn. Bí ó bá gbé e jìnnà, kò ní yí ohun tí ìyá rẹ̀ ń gbọ́ padà. Bí kò bá tilẹ̀ kọrin rárá, kò ní yí i padà. Mo fẹ́ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó mọ̀, ó sì gbé e sẹ́nu síbẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń wò ó.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń pariwo, "Ó gbọ́! Màmá gbọ́ ọ!" Àbúrò ìyàwó mi ń sunkún, ó ń pàtẹ́wọ́. Bàbá tó fún wa láyè ojú àlùwàlá gbé ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ lé àyà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó rẹ ìyá náà, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí àpótí. "Ó tó," ó ní. "Mo ti rí i mú. Kò ní ṣá mọ́."

Mo fa irin náà yọ kí Màgárìbì tó dé, bí mo ti ṣèlérí.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ètè ìyàwó mi ti wú díẹ̀. Ó wo omi títí. Nígbà tó yá ó ní, "Kí ló gbọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé bí etí bá ń kú, ohùn tó ga ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, pé ohùn tó rẹlẹ̀ lè kù, pé ọwọ́ pàápàá lè gbọ́ ọ.

"Mi ò bi yín bí etí ṣe ń kú," ó ní.

Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀ ní Agbówà, àwọn mìíràn wọlé. A ti lọ jìnnà kó tó tún sọ̀rọ̀. "Orin yẹn," ó ní, "èmi àti òun nìkan la jọ máa ń kọ ọ́. Ó máa ń wá mú mi ní ilé kéú." A kò tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Ìyá náà kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí a tó rí àyè padà lọ.

Mo ri irin ilẹ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn ilé ọtí ní Ìkòròdú lẹ́yìn náà, níbi tí omi tí wọ́n fi ń fọ ìgò máa ń ṣàn sí, ẹ̀rọ mi sì dákẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ olórin wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó mi bá wà níbẹ̀ nígbà tí à ń tan ẹ̀rọ, á ní kí n má tíì so wáyà náà. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, á jẹ́ kó kùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà á gbé agbọ̀n oúnjẹ rẹ̀, á sì máa lọ sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ó ń dán an wò fún mi ni.

Ẹ̀pẹ́ la sin ín sí, bí ó ti fẹ́. Ní ọjọ́ àdúrà ogójì rẹ̀, àbúrò rẹ̀, tí òun náà ti di ìyá àgbà, jókòó láàrin àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ó ń sọ fún wọn bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe gbé ẹ̀rọ wá láti Ìkòròdú, tí ìyá àwọn, tó ti dití pátápátá, gbọ́ ohùn rẹ̀, tó sì gbè é. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó rántí onígẹdú àti agbọ́n inú àpótí, àwọn ọmọ sì rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi.

"Àbí mo purọ́, Bùọ̀dá? Ṣé Màmá ò gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ yẹn?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Èmi nìkan ló kù nínú àwa méjì tó mọ̀.

"Ó gbọ́ ọ," mo dáhùn.

Wọ́n ṣe àmín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wọlé. Mo ti rò ó láti ọjọ́ náà, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni mo pa. Ìyàwó mi tí ǹ bá bi kò sí mọ́.